Ẹ ṣọ́ra fún mọ́tò tí iná ọ́ìlì ẹ̀ kì í tàn o!

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́sẹ̀ yìí o, owó ara mi ni mo fi kọ́ ọgbọ́n tí mo fẹ́ẹ́ sọ.

Mọ́tò àlòkù kan ni mo rà, ó ti lé lógún ọdún. Ọjọ́ tí mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò, iná kankan ò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Inú mi dùn, mo ní ara mọ́tò le nìyẹn. Kò pé oṣù méjì tí ẹ́ńjìnnì fi nọ́ọ̀kì mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́nà Ìbàdàn. Mẹkáníìkì fa géèjì ọ́ìlì yọ, ó gbẹ táútáú.

Mo ní, "Bọ̀dá, iná kankan ò kìlọ̀ fún mi o."

Ó tú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá mi, báwo ló ṣe fẹ́ẹ́ kìlọ̀? Wọ́n ti yọ gílóòbù ẹ̀!"

Ta ló yọ ọ́? N ò mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo sanwó ẹ́ńjìnnì mìíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ ra mọ́tò àlòkù, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tíì sítáátì. Iná ọ́ìlì àti ti bátìrì gbọ́dọ̀ tàn. Tẹ́ ẹ bá sítáátì, kí wọ́n kú kíá. Èyí tí kò bá tàn rárá, ẹ má tìtorí ẹ̀ yọ̀.

Ẹ ní kí ríwáyà yọ wáyà tó wà lára súìṣì ọ́ìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, kó fi kan irin ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ ti yí kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Bí iná bá tàn, súìṣì yẹn ló bàjẹ́. Bí kò bá tàn, gílóòbù, fíùsì tàbí wáyà ni. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ tó ń tọ́ka bẹntiróòlù àti ti ooru ẹ́ńjìnnì jọ kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ́kọ́ wo fíùsì àti wáyà tí wọ́n so mọ́ bọ́dì, kí ẹnikẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ ra dáṣíbọ́ọ̀dù tuntun.

Ohun kan tún kù o. Iná ọ́ìlì kì í sọ bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó, agbára tí ọ́ìlì fi ń yí ká inú ẹ́ńjìnnì ló ń ṣọ́. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ ṣe máa fa géèjì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí iná náà bá sì tàn lójú ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má ní ẹ máa rọra gbé e délé.

Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n ni. Èmi ti jìn, ẹ̀yin ẹ má jìn o. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.