Ẹyìn, Iná àti Ẹni Tí Ń Dáná

"Ẹyìn tí yóò di epo, yóò tọ́ iná wò." Ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ ń fún òwe yìí ni pé kí ènìyàn ṣáà fara da ìnira títí ire yóò fi dé. Ìtumọ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀ káàtó, nítorí pé ẹyìn kì í dá ara rẹ̀ sọ sínú iná, iná tí ó bá sì pọ̀ jù kì í so èso rere. Ẹni tí òwe náà kò dárúkọ, ìyẹn ẹni tí ń dáná, ni ọ̀rọ̀ sùúrù kàn jù lọ.

Ní ẹ̀bu, èyí tí í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa, ní Tchaada àti káàkiri agbègbè Ifangni ní ẹkùn Plateau, ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ọ̀pẹ pọ̀ sí, wọn kì í bẹ́ ìdì ẹyìn kí wọ́n gbé e kaná lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹyìn lè tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tí ó bá kánjú já a, ẹ̀gún ìdì yóò gún un lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá sì fi í sílẹ̀ jù, epo rẹ̀ yóò kan, nítorí pé láti ìgbà tí ẹyìn bá ti fara pa ni ohun kan nínú rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lípéèsì, ti ń ba epo jẹ́ láti inú, àfi kí iná pa á. Sùúrù àti ìlọ́ra kì í ṣe ọmọ ìyá rárá.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sè é, tí wọ́n gún un, tí wọ́n sì fọ epo kúrò lára ìhá, ìyẹn fọ́nrán ẹyìn, wọ́n á tún gbé epo náà kaná. Níbí ni a ti ń mọ ọ̀gá. Epo tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ a máa pariwo, a sì máa ta. Bí omi ti ń tán ni ariwo ń rọlẹ̀, ìyá elépo yóò sì máa fa igi iná sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa fi etí se epo ju ojú lọ. Bí ó bá sọ ìkòkò kalẹ̀ kí ariwo tó tán, omi tí ó kù yóò mú epo kan nínú bídọ̀n. Bí ó bá fi í sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti dákẹ́, yóò jóná.

Àwọn kan lè jiyàn pé bí iṣẹ́ kò bá pẹ́ni, a kì í pẹ́ iṣẹ́, pé ẹ̀rọ ti dé, àti pé oníbàárà tí ó fẹ́ gba ẹnubodè Igolo sọdá sí Nàìjíríà kò ráyè ariwo ìkòkò. Òótọ́ wà níbẹ̀. Kò sí ọlá kankan nínú fífi odó gún ẹyìn níbi tí ẹ̀rọ bá wà. Ṣùgbọ́n apá oníṣẹ́ ni ẹ̀rọ ń dá sí, kò lè bá a tẹ́tí, oníbàárà tí ń kánjú yẹn gan-an ni yóò sì kọ́kọ́ bu epo tọ́ wò kí ó tó dá owó lé e.

Ní Pobè, nínú ẹkùn Plateau kan náà, níbi tí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti 1922, sùúrù gùn ju èyí lọ. Wọ́n á fi àpò bo òdòdó abo kí ó tó là, kí lẹ́búlẹ́bú akọ tí wọn kò yàn má baà dé ibẹ̀. Nǹkan bí oṣù 5 sí 6 ni ìdì náà fi ń pọ́n, ọ̀pẹ tí ó bá sì ti inú irúgbìn rẹ̀ hù yóò lò tó ọdún 3 sí 4 kí ó tó so. Bí àpò náà bá lu, àgbẹ̀ kò ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí yóò fi àdá la ẹyìn àkọ́so rẹ̀, tí yóò rí i pé èépá èkùrọ́ nípọn, tí ẹran tí epo ń gbé sì tín-ín-rín.