Ìlú Yunifásítì Kì Í Ṣe Ọ̀run

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin tí ẹ ń ti àbúrò mi kó kúrò ní Chicago lọ sí Madison ní Wisconsin: ta ni yóò bá a san owó ilé? Ẹ ní ìlú náà tòrò, adágún Mendota àti Monona yí i ká, wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì ibẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ni àbúrò mi, kì í ṣe olùkọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin á dáwó gba ilé kan. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta á dá a san. Ṣé ìyẹn dọ́gba? Ọ̀pọ̀ ilé ìtòsí yunifásítì, ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ni àdéhùn ń parí, ọjọ́ 15 ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀. Lóru ọjọ́ yẹn ńkọ́, níbo ni tọmọtìyá fẹ́ sùn? Òtútù ńkọ́? Adágún á dì gbagidi, èèyàn á máa rìn lórí ẹ̀!

N ò ní kó má lọ o. Kó kọ́kọ́ ríṣẹ́ ná, kó sì lọ wo ìlú náà ní oṣù kìn-ín-ní, kì í ṣe oṣù kẹfà. Ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó, kó wo ojú rẹ̀ láìkun àtíkè.