Olùtọ́jú Tó Ń Wúkọ́, Ẹ Jẹ́ Kí Ẹlòmíràn Gbà Á

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó tẹ̀dó sí Sókótó, ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wa tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní UDUTH la fẹ́ sọ.

Oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sí wọn lára máa ń dín àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń gbógun ti àrùn nínú ẹ̀jẹ̀ kù. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kéré jù. Ọ̀fìnkìn tí ìyàwó kà sí nǹkan kékeré lè dá ọkọ rẹ̀ padà sí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

Nílé lọ́hùn-ún, bí ìyàwó bá ń wúkọ́, àbúrò rẹ̀ á gbaṣẹ́. Níbí ńkọ́? Òun nìkan ló ń sè, tó ń fọ̀, tó ń sùn ti aláìsàn. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan, Ọ̀ffà ni o, Ògbómọ̀ṣọ́ ni o, yan èèyàn méjì tí ara wọn dá, tó lè dípò olùtọ́jú fún ọ̀sẹ̀ kan. Owó tá à ń dá fún aláìsàn dára, àmọ́ owó ò lè gbé abọ́ oúnjẹ fún un. Kí èèyàn mẹ́wàá tó ń rọ́ wọ yàrá rẹ̀ náà sinmi. (Àwa Yorùbá ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ aláìsàn wò níwọ̀nba.)

Bí kò bá sí arọ́pò, kí olùtọ́jú bo imú àti ẹnu, kó máa fi ọṣẹ fọwọ́, kó sùn ní yàrá mìíràn. Bí ara aláìsàn bá gbóná dé ìwọ̀n 38, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lóru ọjọ́ náà. Ẹ má fún un ní Panadol kẹ́ ẹ wá máa dúró de ilẹ̀ mọ́.