Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwọn tó pa òwe yìí kò fi ṣàánú ọmọdé, wọn kò sì fi bú àgbà. Gbèsè tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni wọ́n ń tọ́ka sí: oníkálukú ló jẹ, oníkálukú ló gbọ́dọ̀ san.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i bí òwe yìí ṣe ń dọrọ̀, kó lọ sí Trade Fair, lójú ọ̀nà Èkó sí Badagry. Ìpàtẹ ọjà àgbáyé ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ torí rẹ̀ kọ́ ọgbà náà. Lónìí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ASPAMDA tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ BBA tó kó wá láti ọjà Balógun ló gba ibẹ̀ kan. Ìgbò ló pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, £20 péré ni wọ́n san fún ọ̀pọ̀ Ìgbò tó ní owó ní báńkì, iye yòówù tó wà níbẹ̀. Nínú ohun tó tún gbé wọn dìde, ètò ìkọ́ṣẹ́ òwò tí wọ́n ń pè ní Igba Boi wà níwájú.

Ọ̀gá á mú ọmọ láti ìlú rẹ̀, á máa bọ́ ọ. Ọmọ á ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, á gbé ọjà, á mọ oníbàárà, á mọ iye tí a ń rà á àti èrè tó wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún bíi 5 sí 7, ọ̀gá á fún un lówó tàbí ọjà tí yóò fi dá dúró. Òun náà á sì mú ọmọ mìíràn. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tiwa Yorùbá ẹ̀wẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ló ń sanwó fíríìdọ̀mù fún ọ̀gá, tí yóò sì jáde lọ́wọ́ òfo. Ó yẹ ká tún èyí rò.

Ṣùgbọ́n ìlérí ẹnu ló gbé Igba Boi ró. Àwọn ọ̀gá kan wà tó jẹ́ pé bí ọdún bá ti ń pé ni wọ́n ń fi olè kan ọmọ, tí wọ́n á lé e lọ. Àwọn ọmọ kan náà ń jí ọjà ọ̀gá. Bí ìwà méjèèjì yìí bá pọ̀, òbí wo ni yóò tún fọmọ sílẹ̀, ọ̀gá wo ni yóò sì tún gbà á? Jámánì náà fi ìkọ́ṣẹ́ gbé ọrọ̀ ajé rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n òfin ọdún 1969 wà lẹ́yìn rẹ̀: ìwé àdéhùn, owó oṣù, ìdánwò. Kí àwọn ẹgbẹ́ ọjà wa náà jẹ́ kí a máa kọ iye ọdún àti ohun tí ọ̀gá yóò fún ọmọ sílẹ̀, kí ẹbí méjèèjì fọwọ́ sí i. Ọ̀gá tó fẹ́ mú ìlérí ṣẹ kò ní sá fún ìwé.