Ọmọ Atakpamé Tó Fi Ilé Sílẹ̀ Nígbà Mẹ́ta

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́ pé ta ni ọmọ Atakpamé tó ti jẹ olórí orílẹ̀-èdè Tógò rí, ọ̀pọ̀ yín ni yóò máa wo ojú wa. Nicolas Grunitzky ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ àjèjì náà ṣì yín lọ́nà: ìlú wa yìí ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1913. Baba rẹ̀ wá láti Jámánì, ìran Pólàńdì ni. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa.

Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí àwọn ará Jámánì fúnra wọn ba ilé iṣẹ́ rédíò ńlá Kamina jẹ́ lẹ́bàá ìlú, lóru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1914, kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Abẹ́ Faransé ni ọmọ náà wá dàgbà sí, ilẹ̀ Faransé náà ni ó sì kọ́kọ́ rè. Ó kàwé ní Aix-en-Provence, ó di ẹnjiníà ní Paris. Àjò ayọ̀ nìyẹn.

Nígbà tó padà wálé, ó wọ òṣèlú. Ní 1951 ó di aṣòfin ní Paris. Ní 1956 ó di olórí ìjọba Tógò tí Faransé ṣì ń bójú tó. Ẹgbẹ́ Sylvanus Olympio ló borí rẹ̀ nínú ìdìbò oṣù kẹrin ọdún 1958. Bẹ́ẹ̀ àna ni wọ́n: Olympio ló fẹ́ Dina, arábìnrin rẹ̀. Òṣèlú kò mọ àna. Grunitzky gba Dàhòmì lọ, tí à ń pè ní Benin lónìí.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti nira fún wa láti sọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1963, àwọn ọmọ ogun pa Olympio, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Grunitzky wálé láti wá jọba. Ó gbà. Ẹ̀jẹ̀ àna rẹ̀ kò tíì gbẹ nílẹ̀. Ṣé kí ìlú má baà tú ló ṣe gbà á ni, àbí ìfẹ́ ipò? Àwa tí à ń kọ abala yìí kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ, ṣùgbọ́n a kò ní tìtorí pé ó jẹ́ tiwa ká bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Ọdún mẹ́rin géérégé lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba lọ́wọ́ òun náà. Ó lọ sí Côte d'Ivoire. Ìjàǹbá ọkọ̀ ṣe é níbẹ̀. Wọ́n gbé e dé Paris, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, ní ẹni ọdún 56.

Bí àgbàlagbà kan bá wà ní agboolé yín tó rántí ọjọ́ tí ìròyìn náà dé Atakpamé, ẹ jókòó tì í, kí ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde níhìn-ín, ní Yorùbá àti ní Faransé.