Kí a tó wó ilé àtijọ́ inú ọjà wa

  

Ọ̀rọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà wa ti di ariwo. Àwọn kan ní kí a wó o, kí a fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù ìgbàlódé. Àwọn kan ní kí a tún un ṣe. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí ò fi ara pamọ́ o: kí a tún un ṣe ni tiwa. Ẹ gbọ́ tiwa tán kí ẹ tó bínú.

Ṣé ẹ rántí Ilojo Bar ní Tinúbú, ní Èkó? Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, bí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ṣe máa ń kọ́lé. Wọ́n ta oúnjẹ àti ọtí níbẹ̀. Ní 1933, Alfred Omolana Ọláìyá rà á. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ilé ìrántí orílẹ̀-èdè, tó túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wó o. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló kù. Wọ́n ní ó ti gbó. Ilé tí wọn kò bá tún ṣe, kí ni yóò ṣe bí kò bá gbó? Àti pé ojúde tó ń jẹ́ orúkọ Madam Tinúbú ni, oníṣòwò bí tiwa!

Ẹ wá wo Cocoa House ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n ṣí i ní 1965. Iná jó o ní 1985, ọ̀pọ̀ rò pé ó ti parí. Wọn ò wó o o. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún un ṣí ní 1992. Ó ṣì dúró níbẹ̀.

Ilé tiwa kò tóbi tó yẹn, àtúnṣe rẹ̀ ò lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má kàn pe bíríkìlà kí ó fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Bíríkì àti amọ̀ ni ògiri yẹn. Símẹ́ńtì le jù fún un, kì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ gbẹ jáde, ògiri á máa jẹrà lábẹ́lẹ̀. Ẹfun tí wọ́n ń rí nínú ìkarahun tàbí òkúta tí wọ́n sun ló bá irú ògiri bẹ́ẹ̀ mu, ẹni tó sì mọ iṣẹ́ náà la gbọ́dọ̀ wá.

Èyí tó ń dùn wá jù ni ìwé. Bí ẹnìkan bá gbé ayédèrú ìwé dé lọ́la pé bàbá òun ló ni ilẹ̀, kí la ó fi dá a lóhùn? Ariwo? A fẹ́ rán èèyàn lọ sí ilé tí ìjọba ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí ní Alausa, àti sí ilé ìwé àtijọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ má rò pé ìwé ìjọba nìkan ló ń sọ ìtàn. Rìsíìtì rẹ́ńtì tí ìyá yín fi pamọ́ sínú àpótí, fótò ọjọ́ ayẹyẹ tí ilé náà hàn lẹ́yìn, àní ìwé owó-orí ọjà, gbogbo ẹ̀ ló wúlò. Àwọn ìyá àgbà tó jókòó sábẹ́ ilé yẹn nígbà tí wọ́n ń ta gààrí àti aṣọ, ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń san owó fún. Ẹ má dúró di ọ̀la, torí wọ́n ń dínkù.

Ìpàdé gbogbogbò ni Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ẹ mú ìwé yòówù tí ẹ bá ní wá sí ọ́fíìsì wa ṣáájú ọjọ́ náà. A ó ya á sílẹ̀, a ó dá ojúlówó rẹ̀ padà fún yín lójú ẹsẹ̀. Ìyá tí kò bá lè jáde, kí ọmọ rẹ̀ wá sọ fún wa, a ó tọ̀ ọ́ lọ sílé.