Ọjọ́ Mẹ́jọ Tiwa, Ọjọ́ Mẹ́jọ Tiwọn

Ẹ̀bi ara mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tòní.

Ní ọdún tó kọjá, ní Ọjọ́bọ̀ kan, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin jáde láyé ní Àjàṣẹ́. Mùsùlùmí ni wọ́n, nítorí náà a sin wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n ní ọmọ-ọmọ kan tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n tí kò lè kà á. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ nínú ẹbí ni wọ́n ní kí n kọ̀wé sí i lórí tẹlifóònù. Mo kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ìyá àgbà ti lọ, àti pé àdúrà fídáù yóò wáyé "in eight days". Ohun tó wà lọ́kàn mi ni "dans huit jours" tí a kọ́ wa nílé ìwé, èyí tí ó bá "ọjọ́ kẹjọ" tiwa mu régí. Ọkàn mi balẹ̀ pé mo ti jíṣẹ́.

Ọmọ náà wọ ọkọ̀ òfurufú dé Èkó, ó gba ẹnubodè Kraké wọlé, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Àdúrà ti parí lánàá. Àwọn ọkùnrin ń tú àtíbàbà, àwọn obìnrin ń fọ ìkòkò. Ó dúró láàárín àgbàlá nínú aṣọ funfun tí ó wọ̀ fún àdúrà, báàgì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnìkan ní bí àwọn ọmọ ìlú òyìnbó ti máa ń ṣe nìyẹn. Ìyá kan ní ká ní ogún ni a fẹ́ pín ni, kò ní pẹ́ dé. Ọmọ náà kò fèsì. Ó mú tẹlifóònù rẹ̀ wá bá mi, ó ní: "Bàbá, ẹ kọ pé ọjọ́ mẹ́jọ. Mo fi ìka kà á. Òní ló pé mẹ́jọ." Ó ní òun tilẹ̀ rò pé nítorí Jímọ̀ ni a ṣe mú ọjọ́ náà.

Mo tún iṣẹ́ tí mo rán kà, ara mi sì bù máṣọ. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Bí a bá wí fún elédè Gẹ̀ẹ́sì ní Ọjọ́bọ̀ pé "in eight days", Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì ni yóò gbọ́. Ẹyin lohùn, tèmi ti bọ́, ó sì ti fọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lára.

Níbo wá ni ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn sọnù sí?

Àwa Yorùbá, ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Ajé, tí a fẹ́ sọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ Ajé náà ni a ó sọ ọ́. Kò sí ìyá àgbà kan ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí yóò sọ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ọjọ́ tó ṣáájú àná ni ìjẹta, ẹ̀ta sì wà nínú orúkọ rẹ̀: òní ni ọ̀kan, àná ni èjì, ìjẹta ni ẹ̀ta. Ọdún tó ṣáájú èṣí ni ìdúnta, lọ́nà kan náà. Elédè Gẹ̀ẹ́sì yóò pe ìjẹta ní "two days ago", nítorí pé kò ka òní mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọjà. Ọjà tí a ń ná ní ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń yí po. Ìsán, tí orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí mẹ́sàn-án, ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ń yí. Ìtàdógún ń pe ara rẹ̀ ní 17, ṣùgbọ́n ọjọ́ 16 ni. Àlejò lè rò pé àwọn baba wa kò mọ ìṣirò. Wọ́n mọ̀ ọ́n dájú. Ọjọ́ ọjà tí a ná àti èyí tí a ó ná, méjèèjì ni wọ́n kà. Ẹ wo oko iṣu: bí ebè márùn-ún bá wà lórí ìlà kan, poro mẹ́rin ni yóò wà láàárín wọn. Àwa ń ka ebè. Elédè Gẹ̀ẹ́sì ń ka poro. Kò sí ẹni tó ṣìrò nínú àwa méjèèjì.

Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà inú ìtàn ni mo ti lọ wá ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ní Róòmù àtijọ́, "nundinae" ni wọ́n ń pe ọjọ́ ọjà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ mọ́ ọjọ́ kẹsàn-án. Síbẹ̀, ní ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ ni ọjà náà ń pé. Ìsán tiwa gẹ́lẹ́ nìyẹn! Èdè Faransé, tí ó jẹ́ ọmọ Látìnì, ń kà bẹ́ẹ̀ títí di òní: ó ń pe ọ̀sẹ̀ kan ní "huit jours", ó sì ń pe ọ̀sẹ̀ méjì ní "quinze jours". Ìdí nìyí tí kò fi yà wá lẹ́nu nígbà tí a kọ́ ọ. Ó bá ti ilé wa mu.

Ọ̀nà mìíràn ni èdè Gẹ̀ẹ́sì gbà. Ní nǹkan bí ọdún 98, Tacitus, òǹkọ̀wé ará Róòmù, kọ̀wé nípa àwọn ẹ̀yà Jámánì, ó sì sọ pé òru ni wọ́n fi ń ka àkókò. Láti inú irú àwọn ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ ni àwọn Angles àti àwọn Saxons ti ré òkun kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àmì rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. "Fortnight" tí wọ́n ń pe ọ̀sẹ̀ méjì, òru mẹ́rìnlá ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní "sennight" nígbà kan rí, òru méje, fún ọ̀sẹ̀ kan. Jane Austen ṣì lò ó nínú ìwé rẹ̀, Pride and Prejudice, tí ó jáde ní 1813, kí ó tó di ohun ìgbàgbé. Ẹ jẹ́ kí a wá kà á papọ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ dé Ọjọ́bọ̀, bí a bá ka ọjọ́, mẹ́jọ ni. Bí a bá ka oorun tí a sùn, méje ni. Òru ni poro tó wà láàárín ọjọ́ méjì.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ di òfin. Àwọn ará Wales, aládùúgbò wọn, ń pe ọ̀sẹ̀ ní "wythnos", òru mẹ́jọ, wọ́n sì ń pe ọ̀sẹ̀ méjì ní "pythefnos", òru mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òru ni wọ́n ń kà bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n ń ka ìpẹ̀kun méjèèjì bíi tiwa.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì tún fi kókó mìíràn hàn mí. Faransé ya "dans" sọ́tọ̀ kúrò lára "en": "dans huit jours" ni ìgbà tí nǹkan yóò ṣẹlẹ̀, "en huit jours" ni iye ọjọ́ tí iṣẹ́ gbà. Yorùbá náà ya "ní ọjọ́ kẹjọ" sọ́tọ̀ kúrò lára "láàárín ọjọ́ mẹ́jọ" àti "lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ". "In" kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fi ru ẹrù méjèèjì. Ká ní mo kọ "on the eighth day" ni, ọmọ náà ì bá ti bá wa níbi àdúrà.

Ó ní àwọn tó ni èdè náà pàápàá kì í gbọ́ ara wọn yé nígbà mìíràn. "Biweekly" lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí a bá sọ "next Friday" ní ọjọ́ Ajé, ẹnìkan yóò mú Jímọ̀ tó kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹlòmíràn yóò mú ti ọ̀sẹ̀ kejì. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í sì í sábà sọ "fortnight". "Two weeks" ni tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí àgbàlá wa. Mo lè dákẹ́. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí mo kọ. Ṣùgbọ́n orúkọ burúkú kì í tètè parẹ́ lára ọmọ nínú ẹbí, pàápàá ọmọ tí ó ń gbé òkèèrè. Mo lọ bá olórí ẹbí níwájú gbogbo wọn, mo ní èmi ni mo ṣìnà, kì í ṣe ọmọ. Mo ṣàlàyé ọjọ́ mẹ́jọ tiwa àti ọjọ́ mẹ́jọ tiwọn. Bàbá náà gbọ́ ọ tán, wọ́n ní: "Olùkọ́, o mọ èdè méjì, o kò sì mọ ọjọ́ kan pè." Wọ́n ránṣẹ́ pe àlùfáà padà. Lẹ́yìn ìrun alásárì, a mú ọmọ náà lọ sí ibi sàréè, a sì ṣe àdúrà pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá tí ó sọ̀rọ̀ ogún ló gbé oúnjẹ fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ wa ló ní ẹbí ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Lọ́ńdọ̀nù. Faransé la kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́, àwọn ọmọ sì ń dàgbà tí wọn kò lè ka Yorùbá. Bí ẹ bá ń dá ọjọ́ pẹ̀lú wọn, ìbáà ṣe ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ tàbí òkú, ẹ má ṣe fi iye ọjọ́ ránṣẹ́ lásán. Ẹ dárúkọ ọjọ́ náà, ẹ kọ iye tí oṣù jẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì ní kí ẹni tí ẹ kọ̀wé sí tún un sọ padà fún yín. Ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ ní ìjẹta, ìdúnta àti ọjọ́ kẹjọ, kí wọ́n lè mọ bí àwọn ará ilé wọn ṣe ń ka ọjọ́.

Ó dìgbà kan ná.